Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń yẹ ilẹ̀ pápá bàálù ológun wò, ẹ gbọ́ tèmi

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti ń ka àwọn rìpọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ ń kọ lórí bóyá ilẹ̀ pápá bàálù ológun mọ́ tó láti kọ́lé sí. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ọ̀gá yín ló máa ń fi í ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ káńsù, àwọn kan nínú yín náà sì máa ń jù ú sórí WhatsApp mi lóru, "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kíákíá." Gbogbo ẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀ kan náà lójú ewé kejì: oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ogun dé, àwọn ológun gbà á, wọ́n fi ṣe pápá bàálù, wọ́n kúrò, ilẹ̀ ti ṣófo, ẹ wá kọ́lé. Ẹ ò tiẹ̀ yí i padà, ẹ kàn ń gbé e láti inú rìpọ́ọ̀tì kan bọ́ sínú òmíì.

Inú ló bí mi tí mo fi jókòó kọ èyí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò wò tàbí bí wọ́n ṣe ń bu erùpẹ̀ sínú ìgò, ẹ ti kọ́ ìyẹn ní yunifásítì, ẹ sì mọ̀ ọ́n ju bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n lọ nígbà tí mo dé ìlú yìí. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni mo fẹ́ sọ, ti ilẹ̀ pápá bàálù ológun nìkan, torí iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ ní England. Láti Lincolnshire dé Norfolk, dé Suffolk, dé Cambridgeshire, pápá bàálù ló kún gbogbo ibẹ̀ nígbà ogun Hitler, ti RAF, ìyẹn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ti àwọn Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ti di oko padà látayébáyé. Nígbà tó wá yá tí ìjà àwọn àti Rọ́ṣíà rọlẹ̀, àwọn Amẹ́ríkà kúrò ní Bentwaters ní 1993, wọ́n kúrò ní Upper Heyford ní 1994, bàálù wọn ò fò mọ́ ní Alconbury láti 1995. Ìjọba ń wá owó, àwọn èèyàn ń wá ilé, ilẹ̀ sì nà gbalaja síbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Oakington ni wọ́n sọ di Northstowe, ìlú tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé 10,000 sí. Waterbeach náà ti wà lẹ́nu ẹ̀. Iṣẹ́ wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àìríṣẹ́ dẹ́rù bà yín.

Ẹ̀kọ́ kìíní. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe dọ́wọ́ ológun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Ìkòròdú àti Ìbèjú-Lẹ́kì, tẹ́ ẹ mọ ohun tí ọmọ onílẹ̀ lè fojú èèyàn rí, ẹ dé ìlú òyìnbó tán ẹ wá gbàgbé pé ilẹ̀ máa ń ní ẹni tó ni ín. Ní 1938 ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òfurufú ra ilẹ̀ éékà 725 ní Crichel Down, ní Dorset, káwọn sójà lè máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù. Churchill fúnra ẹ̀ ló ṣèlérí nílé aṣòfin ní 1941 pé ilẹ̀ tí ìjọba bá gbà nítorí ogun, bí wọn ò bá nílò ẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín ló máa padà sí. Ogun parí, wọn ò dá a padà, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ àgbẹ̀, ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ń wá ẹlòmíì tó máa gbé e fún. Ìdílé tó ni ilẹ̀ ò gbà o. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí dé ilé aṣòfin, ó di wàhálà gbogbo ìlú, ní 1954 mínísítà àgbẹ̀, Sir Thomas Dugdale, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní Crichel Down Rules ti jáde: ilẹ̀ tí ìjọba bá fipá rà, tí kò lò mọ́, kó kọ́kọ́ fi lọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tàbí àrólé ẹ̀, ní iye tó ń lọ lọ́jà, àfi bí ilẹ̀ náà bá ti yí padà kọjá ohun tó jẹ́. Ta ló máa sọ bóyá ó ti yí padà? Rìpọ́ọ̀tì yín ni wọ́n máa ṣí. Ibi tí rọ́nwè kọnkéré tí bàálù ń sáré lórí ẹ̀ gbà kọjá, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Oko etí ọgbà tó jẹ́ pé wáyà nìkan ni wọ́n fi yí i ká ńkọ́? Ẹ fi gbólóhùn kan dáhùn ìyẹn, ẹ má kọ "ilẹ̀ ṣófo" kí ẹ kọjá lọ.

Ẹ̀kọ́ kejì. Máàpù á parọ́ fún yín. Nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù Rọ́ṣíà, máàpù Ordnance Survey, tó jẹ́ ti ìjọba gan-an, ń fi ọ̀pọ̀ ibùdó ológun sílẹ̀ lófìfo, kí ọ̀tá má baà fi mọ ọ̀nà. Ẹ̀yin wá ra máàpù àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rí i pé funfun ni, ẹ kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ha! Ẹ lọ wá fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè. Lẹ́yìn ogun RAF fi bàálù ya fọ́tò ilẹ̀ yìí káàkiri, ó wà nínú ilé àkójọ Historic England ní Swindon. Ìwé tí ibùdó kọ̀ọ̀kan fi ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn wà nílé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, ní London, ẹ béèrè àwọn fáìlì tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AIR 28. Tí ẹ bá rí fọ́tò àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ máa wá ibi tó dúdú roboto lẹ́bàá ọgbà, ibi tí iná ti jó lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn. Àmọ́ ìwé ò tó, fọ́tò ò tó, ẹni tó mọ̀ jù ni ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti pápá kan. Mi ò ní sọ orúkọ ẹ̀, mi ò ní sọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà yẹn náà. Èmi ni mo kéré jù nínú wọn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba máásítà ni, ilé iṣẹ́ yẹn ló dúró fún mi lórí ìwé tí mo fi ń gbé ìlú. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: bí iṣẹ́ bá bọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n máa fún ọ kó o fi rí ẹlòmíì tó máa dúró fún ọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó o palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Ẹni tó wà nírú ipò yẹn kì í pariwo nínú mítíìnì.

Orí òkúta ẹfun ni pápá náà wà, inú ẹfun yẹn sì lomi táwọn ìlú tó wà nítòsí ń mu ti ń wá. Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń kánjú. Máníjà wa fa ìlà nínàró, ó fa ìlà níbùú sórí máàpù, ó ní ibi tí ìlà bá ti pàdé ni ká gbẹ́ ihò sí, ó fún mi ní bébà yẹn, ó ní kí n lọ dúró ti àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Bàbá àgbà kan wà tó máa ń mú ajá ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wáyà kọjá. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á juwọ́ sí i, wọ́n á yíjú sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ò lè rí irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kí n má kí i dáadáa, ilé tí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, mi ò lè ṣe é, ẹnu mi ò gbà á, sir ni mò ń pè é títí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi ń gbé tíì wá fún mi nínú fúláàsì.

Panápaná RAF ni bàbá yìí. Níbẹ̀ gan-an ló ti ṣiṣẹ́. Ló bá nawọ́ sí igun kan lẹ́yìn àwọn ilé ńlá tí wọ́n ń kó bàálù sí, koríko ti hù níbẹ̀ ó tutù yọ̀yọ̀, ó ní ibẹ̀ làwọn ti ń kọ́ iṣẹ́ iná pípa. Wọ́n á gbé ara bàálù àlòkù síbẹ̀, wọ́n á da epo tí wọn ò lò mọ́ lé e lórí, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á wá fi fóòmù pa á. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, fún ọdún gbọọrọ. Ó ní fóòmù yẹn á ga dé orúnkún, wọ́n á máa jù ú lu ara wọn bí ọmọdé. Mo bi í pé níbo ni gbogbo ẹ̀ ń ṣàn gbà lọ, ó ní kòtò kan báyìí ni, wọn ò rẹ́ ìdí ẹ̀, ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ẹ kó lè máa rin wọlẹ̀.

Mo wo bébà ọwọ́ mi. Kò sí ihò wa kankan tó bọ́ sí igun yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, fóòmù táwọn panápaná pápá bàálù ń lò, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti ilé iṣẹ́ 3M ló jọ gbé e jáde ní nǹkan bí 1960 sókè. Ó ń pa iná epo ju omi lọ fíìfíì, ẹ̀mí tó gbà là ò lóǹkà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wàhálà ẹ̀ ni kẹ́míkà inú ẹ̀, PFOS àti àwọn ẹbí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PFAS. Kì í jẹrà. Inú ilẹ̀ ló máa wà, omi ni yóò máa gbé e lọ díẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin de èyí tó ní PFOS, wọ́n fún àwọn tó ṣì ní in nílé títí di 2011 láti fi lò ó tán. Tẹ́ ẹ bá sì rán erùpẹ̀ lọ sí lab, òjé ni wọ́n máa wò, wọ́n á wo epo, wọ́n á wo asbestos, wọn ò ní wo PFAS àfi tẹ́ ẹ bá dìídì béèrè, owó ẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ò tíì kà á sí.

Mo padà dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́. Mo kọ ohun tí bàbá sọ, mo ya igun yẹn, mo ní ká fi ihò méjì kún un, ká sì ní kí lab wo PFAS. Mo fi ránṣẹ́ sí máníjà lórí email. Ó fi ìlà pupa pa gbogbo ìpínrọ̀ yẹn rẹ́, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò sí ẹ̀rí. Nígbà tá a dé mítíìnì ó tún fi ṣe àwàdà, ó ní ẹni tó ń sanwó fún wa ò sanwó fún òfófó bàbá alájá, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Ìyàwó àti ọmọ wà nílé.

Rìpọ́ọ̀tì jáde pé ewu ilẹ̀ náà kéré. Wọ́n rà á ní owó ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ya ilé, wọ́n ya ilé ìwé, wọ́n ya pápá ìṣeré, wọ́n gbé e lọ sí káńsù. Àwọn tó ń ṣọ́ omi wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, pé pápá bàálù ológun nìyí, níbo làwọn panápaná ti ń kọ́ṣẹ́? Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ìbéèrè kan. Ìdáhùn ò sí nínú gbogbo ìwé bàǹtàbanta yẹn. Wọ́n ní ká padà lọ gbẹ́ igun náà, a gbẹ́ ẹ, PFAS ti wà nínú omi inú ẹfun, ó ti rìn kọjá ọgbà.

Gbogbo ẹ̀ dúró. Apá ibi tó yẹ kí ilé pọ̀ sí jù ni wọ́n yọ kúrò, àwọn tó ra ilẹ̀ ń wá ẹni tí wọ́n máa mú, lọ́yà ìnṣọ́ránsì dé. Ta ló wà lórí pápá? Èmi. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ihò kọ̀ọ̀kan? Orúkọ mi gàdàgbà, tí wọ́n tún ṣì kọ. Máníjà yẹn wá sọ níwájú lọ́yà, níwájú èmi náà, pé ẹni tó wà lórí pápá ò fi nǹkan kan tó òun létí.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wá email yẹn jáde. Ìpínrọ̀ mi nìyẹn, ìlà pupa ẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn, ọjọ́ àti aago wà lórí ẹ̀. Ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Ẹnì kankan ò sì bẹ̀ mí dòní olónìí. Wọn ò lé mi o, òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ń ṣe mítíìnì láìpè mí, nígbà tí ìwé mi tó àkókò wọn ò tún un ṣe. Ó tún wá bọ́ sí pé wọ́n fẹ́ kí bàbá panápaná kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i, bàbá lóun ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ àfi ọmọ Nàìjíríà tó máa ń kí òun. Èmi tí wọ́n ń ti kúrò nílé iṣẹ́ ni wọ́n wá ń bẹ̀ pé kí n bá wọn lọ! Mo lọ, torí bàbá ni mo ṣe lọ.

Máníjà ọ̀hún ti di ọ̀gá àgbà níbòmíì báyìí. Mo máa ń rí i lórí LinkedIn, ó ń sọ̀rọ̀ lórí PFAS níbi àpérò, ó ní ó ṣe pàtàkì ká máa fetí sí àwọn ará àdúgbò. Mo ti fẹ́ kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀ láìmọye ìgbà, ìyàwó mi ni kì í jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo fẹ́ sọ báyìí, àbí mo ti sọ ọ́ mọ́ ìkejì, ẹ má bínú. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí pápá, ẹ kọ ọ́, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí email lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má pè é lórí fóònù. Mi ò ní kẹ́ ẹ kó fáìlì ilé iṣẹ́ lọ sílé o, ẹjọ́ míì nìyẹn, ìwé tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni mò ń wí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń bẹ̀rù nítorí ìwé ìgbélùú, ẹ̀rù ba èmi náà, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé kò séwu. Àmọ́ ẹ wò ó, mo dákẹ́ nínú mítíìnì, iṣẹ́ yẹn ṣì bọ́. Email yẹn ló jẹ́ kí n rí òmíì, torí lọ́yà tó rí i lọ́jọ́ náà sọ fún ẹni tó gbà mí pé ẹ̀rí wà. Dídákẹ́ yín ò ní gbà yín, ẹ má tan ara yín.

Ẹ má rò pé tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ti pápá Pease ní New Hampshire pa ní 1991, wọ́n sọ ọ́ di ibi okòwò, wọ́n kọ́ ọ́fíìsì síbẹ̀, àwọn òbí ń gbé ọmọ wá sí ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà níbẹ̀, 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí PFOS nínú kànga Haven tí wọ́n ti ń mu omi. Ní Scotland, wọ́n ti pápá bàálù Donibristle pa ní 1959, wọ́n kọ́ ìlú Dalgety Bay lé e lórí. Àwọn aago inú bàálù àtijọ́ máa ń ní radium lára kí awakọ̀ lè rí wọn lóru, wọ́n ti tú bàálù, wọ́n sun àwọn aago, wọ́n da eérú ẹ̀ sílẹ̀ létí òkun. 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó di 2023 kí wọ́n tó palẹ̀ ẹ̀ mọ́ tán. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1990 ti lé lọ́gbọ̀n. Ti Lee-on-the-Solent tún burú: nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé Jámánì ń bọ̀, wọ́n ki bọ́ǹbù sínú páìpù gígùn, wọ́n rì í sábẹ́ rọ́nwè, pé tí ọ̀tá bá fẹ́ gba pápá náà káwọn fọ́ ọ. Jámánì ò wá. Bọ́ǹbù wà níbẹ̀. 2006 ni wọ́n rí páìpù 20, wọ́n ní káwọn ará àdúgbò jáde nílé wọn. Ẹni tó sin ín mọ ibi tó sin ín sí, wọn ò kàn bi í léèrè kó tó kú ni.

Nǹkan kékeré kan kí n tó gbàgbé: tẹ́ ẹ bá ń bu omi fún PFAS, ẹ má wọ jákẹ́ẹ̀tì òjò tuntun, ẹ má lo ohunkóhun tó ní Teflon lára. PFAS wà lára àwọn nǹkan yẹn, ara yín lẹ máa bù sínú ìgò. Mo rí fọ́tò ẹnì kan nínú yín lórí Instagram tó wọ jákẹ́ẹ̀tì òjò pupa, tó gbé ìgò dání, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ti bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, mo máa sáré pa wọ́n pọ̀, ọwọ́ ń ro mí. Kì í ṣe gbogbo pápá bàálù ló gbọ́dọ̀ di ilé. Greenham Common, níbi táwọn obìnrin ti pàgọ́ láti 1981 torí pé wọn ò fẹ́ mísáìlì àwọn Amẹ́ríkà, wọ́n hú rọ́nwè ibẹ̀ kúrò, ní 2000 wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn, màlúù ló ń jẹko níbẹ̀ báyìí. Coltishall tí wọ́n tì ní 2006, apá kan ẹ̀ di ọgbà ẹ̀wọ̀n ní 2009, káńsù Norfolk ra ìyókù, páńẹ́ẹ̀lì oòrùn wà lórí ẹ̀. Ní Upper Heyford, àwọn ilé kọnkéré tí wọ́n fi ń dáàbò bo bàálù, òfin ò gbà kí wọ́n wó àwọn kan nínú wọn, ìtàn ni wọ́n kà á sí, àwọn tó ń kọ́lé ní láti kọ́ ọ yí i ká. Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ bi ẹni tó gbà yín síṣẹ́ pé kí lẹ fẹ́ fi ilẹ̀ yìí ṣe, kẹ́ ẹ tó sọ fún un pé ó dáa tàbí kò dáa. Ibi tó dáa fún páńẹ́ẹ̀lì oòrùn lè má dáa fún ọmọ tó ń fi ọwọ́ gbẹ́ erùpẹ̀ lẹ́yìn ilé bàbá ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìjọba fúnra ẹ̀ ṣe ń ṣe é láìbéèrè, kó wo Scampton, pápá bàálù RAF ní Lincolnshire. Ibẹ̀ làwọn bàálù tó lọ fọ́ ìsénà omi Jámánì ní 1943 ti gbéra, ibẹ̀ náà ni Red Arrows, àwọn bàálù RAF tó máa ń dárà lójú òfurufú, wà kí wọ́n tó kó lọ sí Waddington ní 2022. Káńsù West Lindsey ti ní ètò £300 mílíọ̀nù fún ilẹ̀ náà, iṣẹ́, ilé ìtàn, gbogbo nǹkan. Ní 2023 ìjọba kéde pé ibẹ̀ làwọn máa kó àwọn tó ń wá ibi ìsádi sí. Káńsù gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní September 2024 ìjọba tuntun fagi lé e, wọ́n ní £60 mílíọ̀nù ti wọlé sí i, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń tìtorí wọn ṣe é tó sun ibẹ̀ rí. Iṣẹ́ ibẹ̀ máa jáde, tó bá jáde, ẹni tó bá gbà á nínú yín kó pè mí kó tó fa ìlà kankan sórí máàpù. Àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣì wà ní Lincoln àti àwọn abúlé tó yí i ká, wọ́n ń mu ọtí ní pọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ Friday. Ẹ kí wọn, ẹ pè wọ́n ní sir.